Ìfiṣẹ́ ológun sílẹ̀ láìní ọlá ní Amẹ́ríkà

Ìfiṣẹ́ ológun sílẹ̀ láìní ọlá ni orúkọ àpapọ̀ fún gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ogun orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń gbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́rìí sí i pé ó sin ìjọba pẹ̀lú ọlá ní kíkún. Ohun tí a bá kọ sínú ìwé yìí ni ó ń pinnu bóyá ẹni náà yóò rí owó ẹ̀kọ́, ìtọ́jú ìṣègùn, ẹ̀yáwó ilé àti àyè iṣẹ́ ìjọba gbà, ó sì lè máa tẹ̀ lé e títí di ọjọ́ ikú. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí bákan náà. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹni tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ yọ kúrò láìsí ẹjọ́ àti ẹni tí ilé-ẹjọ́ ológun dá lẹ́bi. Òfin sì fi àyè sílẹ̀ fún púpọ̀ nínú wọn láti béèrè pé kí a tún ìwé wọn yẹ̀ wò.

== Ìwé DD 214 ==

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe iṣẹ́ ológun alákòókò kíkún ní Amẹ́ríkà máa ń gba ìwé kan tí a mọ̀ sí DD 214 nígbà tí ó bá ń kúrò. Ọdún 1950 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Inú rẹ̀ ni a ń kọ ọjọ́ tí ẹni náà wọṣẹ́ àti ọjọ́ tí ó kúrò, ipò rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tí a kọ́ ọ, àwọn àmì-ẹ̀yẹ tí ó gbà, ìdí tí ó fi kúrò, àti bí iṣẹ́-ìsìn rẹ̀ ti rí. Àmì kan tún wà níbẹ̀ tí ó ń sọ bóyá ó lè padà wọṣẹ́ ológun. RE-1 túmọ̀ sí pé kò sí ìdíwọ́ kankan, RE-4 sì túmọ̀ sí pé a kò ní gbà á padà.

Ẹ̀dà ìwé náà ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀dà kúkurú kò sọ ìdí tí ẹni náà fi kúrò, kò sì sọ irú ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí ó gbà. Ẹ̀dà gígùn ni gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀dà gígùn yìí ni ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ń béèrè, nítorí náà ẹni tí ó bá mú ẹ̀dà kúkurú nìkan wá lè fi ara rẹ̀ sí ìfura.

== Oríṣi ìfiṣẹ́sílẹ̀ ==

Ìsọ̀rí márùn-ún ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìṣàkóso, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn ọ̀gá ológun lè ṣe é láìgbé ẹni náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Méjì tí ó kẹ́yìn jẹ́ ìjìyà tí ilé-ẹjọ́ ológun nìkan lè dá fún ènìyàn.

* Ìfiṣẹ́sílẹ̀ pẹ̀lú ọlá: èyí ni ó ga jù. Ẹni tí ó bá gbà á kò pàdánù ohunkóhun.
* Ìfiṣẹ́sílẹ̀ gbogboogbò lábẹ́ ipò ọlá: ó wà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára ní àpapọ̀, ṣùgbọ́n tí àléébù kan wà nínú ìwà tàbí iṣẹ́ rẹ̀.
* Ìfiṣẹ́sílẹ̀ lábẹ́ ipò tí kì í ṣe ti ọlá: èyí ni ó wúwo jù nínú àwọn ti ìṣàkóso. Lílo oògùn olóró, ìjà, tàbí sísá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgba àyè ni ó sábà máa ń fà á.
* Ìyọníṣẹ́ nítorí ìwà burúkú: ilé-ẹjọ́ ológun àkànṣe tàbí ilé-ẹjọ́ ológun gbogboogbò, èyí tí ó ga jù, ni ó lè dá a fún ènìyàn.
* Ìyọníṣẹ́ pẹ̀lú àbùkù: ilé-ẹjọ́ ológun gbogboogbò nìkan ni ó lè dá a, fún ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá bí ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀ tàbí sísá kúrò lójú ogun. Ní ti àwọn ọ̀gá ológun tí Ààrẹ fún ní ìwé oyè, lílé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ilé-ẹjọ́ náà ń dá fún wọn, ó sì dọ́gba pẹ̀lú èyí.

Ẹni tí kò pẹ́ tí ó wọṣẹ́ tí a fi dá a padà sílé lè gba ìwé tí kò sọ rere, tí kò sì sọ búburú nípa iṣẹ́-ìsìn rẹ̀.

Kí a tó fún ọmọ ogun ní ìfiṣẹ́sílẹ̀ lábẹ́ ipò tí kì í ṣe ti ọlá, ó ní ẹ̀tọ́ láti fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ kan kí ó sì rò tẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ń fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ fúnra wọn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kàn wọ́n, wọ́n lè béèrè pé kí a jẹ́ kí àwọn kúrò dípò kí a gbé àwọn lọ sí ilé-ẹjọ́. Ọ̀nà yìí ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n àti àkọsílẹ̀ ìdálẹ́bi, ó sì ń dá a padà sílé kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọwọ́ síwèé ní ọmọ ogún ọdún lè má mọ iye ohun tí ó pàdánù títí tí yóò fi di ẹni tí ń wá ilé, tí ń wá iṣẹ́, tàbí tí àìsàn bá dé.

== Ìtàn ==

=== Àwọn ọmọ ogun Brownsville ===

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1906, ìbọn dún lóru ní ìlú Brownsville ní ìpínlẹ̀ Texas, ẹnì kan sì kú. Àwọn aláwọ̀ funfun ìlú náà di ẹ̀bi ru àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí wọ́n wà nítòsí, àwọn tí wọ́n jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí a gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ tí a sì dá lẹ́bi. Síbẹ̀, Ààrẹ Theodore Roosevelt pàṣẹ pé kí a yọ 167 nínú wọn níṣẹ́ láìní ọlá, kí a má sì gbà wọ́n sí iṣẹ́ ìjọba mọ́.

Ọdún 1972 ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun tó gbà pé àìṣòdodo ni, tí ó sì yí ìwé wọn padà sí ti ọlá. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti kú. Dorsie Willis, tí ó wà láàyè, ti fi ohun tí ó ju 50 ọdún lọ dán bàtà fún àwọn oníbàárà ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní ìlú Minneapolis. Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí 25,000 dọ́là fún un ní ọdún 1973. Ó kú ní ọdún 1977, a sì sin ín gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun ọlọ́lá.

=== Ìwé aláwọ̀ búlúù ===

Láti ọdún 1916 títí di 1947, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ń fún àwọn kan ní ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí a tẹ̀ sórí bébà aláwọ̀ búlúù. Ìwé náà kò sọ pé ẹni náà ní ọlá, kò sì sọ pé ó ní àbùkù, ṣùgbọ́n àwọn agbanisíṣẹ́ mọ ohun tí àwọ̀ rẹ̀ túmọ̀ sí. Láàárín oṣù kejìlá ọdún 1941 sí oṣù kẹfà ọdún 1945, 48,603 irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ fi síta. Àwọn aláwọ̀ dúdú gba 10,806 nínú wọn, èyí tí ó jẹ́ ìdá 22.2 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìdá 6.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n jẹ́ láàárín àwọn ọmọ ogun. Ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin tí a fura sí pé wọ́n ń bá ọkùnrin lòpọ̀ náà gba ìwé yìí.

Òfin ọdún 1944 tí Ààrẹ Franklin D. Roosevelt fọwọ́ sí, èyí tí ó fún àwọn ológun tí ń ti ogun bọ̀ ní owó ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yáwó ilé, sọ pé àwọn tí ó kúrò pẹ̀lú àbùkù nìkan ni kò ní jàǹfààní. Lójú òfin, kò yẹ kí a fi ìwé búlúù du ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń bójú tó ètò náà fi du ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìwé ìròyìn Pittsburgh Courier, tí ó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, gbógun ti àṣà yìí ní ọdún 1945. Ní ọdún 1947 ni a fòpin sí ìwé búlúù.

=== Ìbálòpọ̀ akọ sí akọ àti abo sí abo ===

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ń yọ àwọn ológun níṣẹ́ nítorí pé wọ́n ń fẹ́ akọ tàbí abo bíi tiwọn. Ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ni a fagi lé òfin tó kẹ́yìn tí ó fàyè gba èyí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Joe Biden dárí ji àwọn tí ilé-ẹjọ́ ológun ti dá lẹ́bi nítorí irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín àgbàlagbà méjì tí wọ́n jọ gbà fún ara wọn. Ní ọdún kan náà, Iléeṣẹ́ Ètò Ààbò kéde pé òun ti tún ìwé ènìyàn tí ó ju 800 lọ ṣe.

== Ipa lórí àǹfààní ìjọba ==

Bí ìsọ̀rí ìwé náà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni àǹfààní ń dín kù. Ẹni tí ó gba ti gbogboogbò lábẹ́ ipò ọlá ń rí ìtọ́jú ìṣègùn, owó ìpalára àti ẹ̀yáwó ilé, ṣùgbọ́n kò lè gba owó ẹ̀kọ́ yunifásítì tí òfin pèsè fún àwọn ológun tẹ́lẹ̀rí, nítorí ìyẹn béèrè ọlá ní kíkún. Ohun kan ṣoṣo yìí tó láti yí ọjọ́ ọ̀la ènìyàn padà, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló jẹ́ pé torí owó ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi wọṣẹ́ ológun.

Ní ti ẹni tí ó kúrò lábẹ́ ipò tí kì í ṣe ti ọlá, tàbí ẹni tí ilé-ẹjọ́ àkànṣe yọ níṣẹ́ nítorí ìwà burúkú, Iléeṣẹ́ Ètò Àwọn Ológun Tẹ́lẹ̀rí ni yóò ṣe ìpinnu tirẹ̀. Ó ń wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, bí iṣẹ́ ẹni náà ti rí lápapọ̀, àti bóyá orí rẹ̀ pé nígbà tí ó ṣẹ̀. Òfin tuntun tí iléeṣẹ́ náà gbé jáde ní ọdún 2024 gbà pé kí a máa ro ìdí tí ó lágbára mọ́ ọ̀rọ̀ náà, bí àìsàn ọpọlọ tàbí ìṣòro ìdílé. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ ológun gbogboogbò yọ níṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí àǹfààní wọ̀nyí, àfi bí ó bá hàn pé orí rẹ̀ kò pé nígbà tí ó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé àkókò iṣẹ́ kan kì í pa òmíràn rẹ́. Bí ẹnì kan bá parí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọlá, tí ó tún tọwọ́ bọ̀wé, tí ó sì wá ṣẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ṣì lè béèrè fún àǹfààní tí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ mú wá.

Láti oṣù keje ọdún 2017, iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí wọ́n kúrò lábẹ́ ipò tí kì í ṣe ti ọlá fún ìtọ́jú pàjáwìrì ọpọlọ. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹ̀mí ènìyàn hàn nínú ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé jáde ní ọdún 2015. Nínú àwọn ológun tẹ́lẹ̀rí tí ìwádìí náà wò, àwọn tí wọ́n yọ kúrò nítorí ìwà kò ju ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí kò nílé lórí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá gba ìtọ́jú, ìdá 25.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n jẹ́.

== Ipa lórí iṣẹ́ ==

=== Iṣẹ́ ìjọba ===

Òfin fi àwọn ológun tẹ́lẹ̀rí ṣáájú àwọn mìíràn nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bá ń gbani síṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kúrò pẹ̀lú ọlá tàbí lábẹ́ ipò ọlá nìkan ni èyí wà fún. Àwọn yòókù lè kọ̀wé béèrè iṣẹ́ bíi gbogbo ará ìlú, kí a sì gbé ìwà wọn yẹ̀ wò. Fọ́ọ̀mù tí a ń kọ fún iṣẹ́ tí ó kan àṣírí ìjọba ń béèrè irú ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí ènìyàn gbà. Irọ́ pípa lórí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ó sì lè burú ju ohun tí ẹni náà fẹ́ fi pa mọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ni kì í gba ẹni tí a yọ níṣẹ́ pẹ̀lú àbùkù.

=== Iléeṣẹ́ aládàáni ===

Ìwé DD 214 kì í ṣe ìwé tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà. Agbanisíṣẹ́ aládàáni sábà máa ń rí i nígbà tí ẹni tí ń wáṣẹ́ bá mú un wá fúnra rẹ̀ tàbí tí ó bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n béèrè fún un. Òfin àpapọ̀ kò ka irú ìfiṣẹ́sílẹ̀ mọ́ àwọn ohun tí agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ kọ ènìyàn. Ìpínlẹ̀ Illinois yàtọ̀: òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ dáàbò bo àwọn tí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ wọn kò dára, àyàfi àwọn tí a yọ pẹ̀lú àbùkù àti àwọn tí a fún ní àmì RE-4.

Ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti lọ ṣe ológun ní ẹ̀tọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà tí ó bá dé. Ẹni tí a yọ pẹ̀lú àbùkù, nítorí ìwà burúkú, tàbí lábẹ́ ipò tí kì í ṣe ti ọlá ń pàdánù ẹ̀tọ́ yìí. Bákan náà ni owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún ológun tí kò tíì rí iṣẹ́ ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí ènìyàn kọ́ kì í bá ìwé lọ. Ẹni tí ó mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe, tí ó mọ iná mànàmáná tàbí kọ̀ǹpútà, ṣì mọ̀ ọ́n. Ètò owó ẹ̀kọ́ Pell, tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí agbára ìdílé wọn kò tó, kì í sì wo irú ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí ènìyàn gbà.

== Ẹ̀tọ́ aráàlú ==

Láti ọdún 1968, òfin àpapọ̀ kò gba ẹni tí a yọ níṣẹ́ pẹ̀lú àbùkù láyè láti ní ìbọn. Òfin yìí kò mẹ́nu kan àwọn ìsọ̀rí yòókù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ dá ènìyàn lẹ́bi fún lè ní ìdíwọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí a yọ pẹ̀lú àbùkù kò lè ní ibojì ní itẹ́ òkú ìjọba fún àwọn ológun.

Fún àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀ òkèèrè wá, ewu náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin gbà kí ẹni tí ó bá ṣe ológun pẹ̀lú ọlá di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní kíákíá. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó gba ọ̀nà yìí bá kúrò lábẹ́ ipò tí kì í ṣe ti ọlá kí ó tó pé ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́lá, ìjọba lè gba ẹ̀tọ́ náà padà. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń bẹ ní Amẹ́ríkà. Nínú ètò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, iléeṣẹ́ ológun gba àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n gbọ́ àwọn èdè tí ó nílò, Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò sì wà lára àwọn èdè náà.

== Àtúnṣe ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ==

Ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun pé ìwé tí kò dára yóò yí padà sí rere fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kò sí òtítọ́ nínú rẹ̀. Ìwé kì í yí padà àfi bí ẹni tí ó ni ín bá béèrè. Ọ̀nà méjì ni ó wà.

Àkọ́kọ́ ni Ìgbìmọ̀ Àtúnyẹ̀wò Ìfiṣẹ́sílẹ̀, tí òfin ọdún 1944 dá sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù DD 293 ni a ń kọ sí i, láàárín ọdún 15 lẹ́yìn tí ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ náà ń wo bóyá a tẹ̀ lé òfin, àti bóyá ìpinnu náà bá ẹ̀tọ́ mu. Kò lè fọwọ́ kan ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ ológun gbogboogbò, kò sì lè sọ ìwé di èyí tí ó burú ju bí ó ti wà lọ.

Èkejì ni Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Àkọsílẹ̀ Ológun, tí òfin ọdún 1946 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Fọ́ọ̀mù DD 149 ni tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni a fún ènìyàn láti ìgbà tí ó bá ti rí àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè gbójú fo èyí nítorí ìdájọ́ òdodo. Ẹni tí ọdún 15 rẹ̀ ti kọjá, ibí ni yóò wá. Méjèèjì kò béèrè owó, kò sì pọn dandan kí ènìyàn ní agbẹjọ́rò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ agbẹjọ́rò wúlò púpọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Chuck Hagel, tí ó jẹ́ Mínísítà Ètò Ààbò nígbà náà, pàṣẹ pé kí àwọn ìgbìmọ̀ fi ojú àánú wo ẹ̀bẹ̀ àwọn tí ìpayà ogun dá àìsàn ọpọlọ sí lára. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ja ogun Vietnam ni a ti yọ níṣẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó fún àìsàn náà ní orúkọ ní ọdún 1980. Ní ọdún 2017, a fẹ àṣẹ náà lójú kan àwọn tí orí wọn fara pa àti àwọn tí a fipá bá lòpọ̀ nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀rí ni ó ń gbé ẹ̀bẹ̀ ró: ìwé ilé ìwòsàn, ìwé ìbúra láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ sìn, àti ìwé tí ó fi ìgbé-ayé ẹni náà hàn láti ìgbà tí ó ti kúrò, bí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àti ìwà rẹ̀ ládùúgbò. Àwọn kan kò rí ìwé àtijọ́ wọn mọ́, nítorí iná tí ó jó ilé àkọsílẹ̀ ní ìlú St. Louis ní oṣù keje ọdún 1973 run àkọsílẹ̀ ológun tí ó tó mílíọ̀nù 16 sí 18. Fún irú wọn, ìwé ìbúra àti lẹ́tà tí ìdílé tọ́jú di ẹ̀rí pàtàkì.

== Ìgbé-ayé lẹ́yìn iṣẹ́ ológun ==

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gba irú ìwé yìí ni ìgbé-ayé rẹ̀ dúró síbẹ̀. Harvey Milk jẹ́ ọ̀gá nínú iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Ní ọdún 1955, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ipò tí kì í ṣe ti ọlá, kí a má bàa gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ ológun nítorí pé ó ń fẹ́ ọkùnrin. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ owó ìdókòwò, ó sì ṣí ìsọ̀ kámẹ́rà ní San Francisco. Ní ọdún 1977 ni àwọn ará ìlú náà dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú wọn. Wọ́n yìnbọn pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 1978. Ọmọ ogun ojú omi fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ ojú omi kan, tí a kọ́kọ́ gbé sínú omi ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n a yí orúkọ ọkọ̀ náà padà ní ọdún 2025.